Ọjọ́ Tí A Kó Ẹbí Wa Wá Ṣe Àlejò ní Òtẹ́ẹ̀lì

Ṣé Ìyá Oda mọ̀ọ́mọ̀ dìde ni, àbí ara wọn ló dìde kí ọkàn wọn tó mọ̀? Títí di òní, n kò lè dáhùn ìbéèrè yìí. Mo ti bi ara mi nídìí ààrò, mo ti bi ara mi ní ṣọ́ọ̀ṣì nígbà tí ìwàásù bá gùn... Ẹni tí ì bá dá mi lóhùn ti wà ní sàréè. Nígbà tí wọ́n sì wà láyé, ojú ń tì mí láti bi wọ́n. Ta ló ń wo ojú àgbà kó ní, "Ẹ dákun, ṣé ọgbọ́n lẹ dá ni àbí ẹ ṣì í ṣe?"

Ẹ̀yin ọmọ-ọmọ mi, ẹ ní kí n sọ bí Àkúrẹ́ ṣe rí nígbà tí mo wà ní ọ̀dọ́, kí yunifásítì tó dé. Ẹ ní kí n sọ ọ́ sínú fóònù. Mo ní rárá, n óò kọ ọ́, nítorí ẹ̀kọ́ àgbà tí mo pọn ọmọ lọ kò gbọdọ̀ já sí òfo. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ ni n óò ṣe kọ ọ́ o. Ẹ má fi bírò pupa tún un ṣe fún mi.

Ẹ gbọ́. Àkúrẹ́ tí ẹ mọ̀ yìí, tí akẹ́kọ̀ọ́ kún ojú títì bí èèrà, kọ́ ni Àkúrẹ́ tí mo bá. Ọmọ Oǹdó ni mí, ọkọ ló gbé mi wá. Nígbà náà ìlú ìgbafẹ́ ni. Àwọn ará Èkó ń wá, àwọn ará Ìbàdàn ń wá, àwọn òyìnbó tó ń la ọ̀nà náà ń yà. Kí ni wọ́n ń wá ṣe? Wọ́n ń wá sinmi ni. Òkè yí wa ká, atẹ́gùn tútù. Wọ́n á sùn lọ́dọ̀ wa, tó bá di òwúrọ̀ wọ́n á lọ gun òkè Ìdànrè, wọ́n á padà wá pẹ̀lú orúnkún tó ń dùn wọ́n, wọ́n á máa pariwo omi gbígbóná.

Òtẹ́ẹ̀lì tí mo ti ń ṣiṣẹ́ wà lẹ́bàá òkè, lójú ọ̀nà tó jáde nílùú. Ó ní ọgbà òdòdó, ó ní gbọ̀ngàn ijó, ó ní kànga tirẹ̀. Ní Sátidé, ẹ ò lè rí ibi gbé mọ́tò sí. Aṣọ bẹ́ẹ̀dì ni mo ń fọ̀. Mo ń fọ̀ ọ́, mo ń sá a, mo ń lọ̀ ọ́. Ẹ̀yìn òtẹ́ẹ̀lì náà ni wọ́n fún wa ní yàrá kan, ní ilé àwọn òṣìṣẹ́, èmi àti bàbá bàbá... ẹ jọ̀ọ́, èmi àti bàbá ìyá yín ni mo fẹ́ kọ. Ibẹ̀ ni mo bí ìyá yín, Ìbùkún, sí.

Ìgbà wá yí padà. Ìgbà tí náírà bẹ̀rẹ̀ sí í rù bí ọmọ tí kò rí ọmú mu, ẹ gbọ́ nípa rẹ̀ ní ilé ìwé, àmọ́ ẹ ò jẹ ẹ́. Àwa jẹ ẹ́. Owó oṣù ò dé mọ́, epo wọ́n, búrẹ́dì ń kéré sí i lójoojúmọ́. Ta ló fẹ́ wá gun òkè nígbà tí ó ń rẹ̀ ẹ́ láti gun pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ilé ara rẹ̀? Àlejò dín, ó tún dín, ó tán. Koríko hù nínú ọgbà òdòdó. Eku ló ń jó nínú gbọ̀ngàn ijó.

Máníjà wa, ọmọ Ìgbàrà-Òkè kan báyìí, ọkùnrin gíga tí kì í bọ́ táì lọ́rùn, kò gbà pé òtẹ́ẹ̀lì ti kú. Ó wá bá mi nídìí kànga.

"Ìyá Ìbùkún, ẹ fọ aṣọ bẹ́ẹ̀dì."

"Ọ̀gá, kò sẹ́ni tó sùn lórí ẹ̀."

"Ẹ fọ̀ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ sá a síwájú, níbi tí ẹni tó ń kọjá á ti rí i. Òtẹ́ẹ̀lì tí kò sá aṣọ, wọ́n á ní ó ti kú."

Bí mo ṣe di ẹni tó ń fọ aṣọ tó mọ́ nìyẹn. Lójoojúmọ́. Sísí Bọ́sẹ̀ tó ń gba àlejò ní ẹnu ọ̀nà á wá dúró tì mí, á máa rẹ́rìn-ín. "Ìyá Ìbùkún, àwọn àlejò yín yìí mà mọ́ tónítóní o. Wọn kì í làágùn, wọn kì í da epo sí aṣọ. Áńgẹ́lì ni wọ́n, àbí?" Mo máa ń rẹ́rìn-ín pẹ̀lú ẹ̀, ṣùgbọ́n inú mi ò dùn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ń bà mí lẹ́rù. Ìyá yín tí ẹ rí tó sanra yìí, oṣù méje ni mo bí i. Gìrì ń mú un. Tí ara rẹ̀ bá ti gbóná báyìí, ojú á yí, ọwọ́ á le. Láti yàrá wa sí ọsibítù, ẹsẹ̀ ló ń gbé mi dé ibẹ̀, mo ti sá lọ síbẹ̀ tí mi ò wọ bàtà, mo ti sá lọ tí ọṣẹ wà lápá mi. Àwọn nọ́ọ̀sì ti mọ igbe mi. Mi ò sì ní ìfọ̀kànbalẹ̀ níbikíbi. Ní kíláàsì ẹ̀kọ́ àgbà, tí mo bá pọ̀n ọ́n, ọwọ́ mi kan á wà lórí bébà, ìkejì á wà lẹ́yìn, mo ń fọwọ́ kan ẹsẹ̀ rẹ̀ bóyá ó ti gbóná. Tíṣà á ní, "Ìyá Ìbùkún, ojú pátákó ni kí ẹ wò, lẹ́tà ò sí lẹ́yìn yín."

Bàbá Ìbùkún ń mọlé. Nígbà tí ẹnikẹ́ni ò kọ́lé mọ́, ó lọ sí Bọ́lọ́rundúró, níbi tí àbúrò bàbá rẹ̀ ti ń dá oko. Ó padà wá pẹ̀lú ẹ̀gẹ́ nínú àpò, ó jókòó, ó ní:

"Kó ẹrù, ká lọ sóko. Ilẹ̀ kì í sọ pé òun ò ní san owó oṣù."

Mo ní, "Tí gìrì bá dé ńkọ́?"

Ó ń fọwọ́ yí ẹ̀gẹ́. Ó mọ̀. Ojú ọ̀nà igbó ni, tí òjò bá ti rọ̀, mọ́tò kan ò ní kọjá. Ìyá kan lábúlé tó wà nítòsí oko yẹn ti gbé ọmọ rẹ̀ sáré nínú ẹrẹ̀ lọ́dún tó ṣáájú, nígbà tó fi dé Oǹdó, ọmọ ti dákẹ́. Bàbá Ìbùkún ló sọ ọ́ fún mi fúnra rẹ̀, kó tó mọ ohun tí òun ń sọ. Àdéhùn tí a wá ṣe ni pé, bí òtẹ́ẹ̀lì bá ṣì ń fún wa ní yàrá, màá dúró ti ọsibítù. Ọjọ́ tí wọ́n bá tì í, màá tẹ̀lé e lọ sóko.

Ẹ ò rí i báyìí? Mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbààwẹ̀ nítorí òtẹ́ẹ̀lì. Ọmọ ìjọ Áńgílíkà, tó ń gbàdúrà pé kí òtẹ́ẹ̀lì kún. Bí fíkà wa bá gbọ́ àdúrà yẹn, wọn ì bá bi mí ní ìbéèrè.

Ọjọ́ kan Máníjà pe gbogbo wa sí ìdí tábìlì Sísí Bọ́sẹ̀. Ó ní àwọn tó ni òtẹ́ẹ̀lì ń rán èèyàn bọ̀ láti Èkó. Wọ́n fẹ́ fojú ara wọn rí i bóyá àlejò ṣì ń wọ̀ ọ́. "Bí wọ́n bá bá a lófìfo," ó ní, "àgádágodo ni."

Sísí Bọ́sẹ̀ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Ká yá àlejò."

"Níbo ni wọ́n ti ń yá àlejò?"

"Ọ̀gá, ta ni kò ní ẹbí níbí?"

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe bẹ̀rẹ̀. Oníkálukú lọ kó ẹbí tirẹ̀ wá, pẹ̀lú aṣọ ọjọ́ Ìsinmi lára wọn. Sísí Bọ́sẹ̀ mú ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ wá, wọ́n fún un ní ìwé ìròyìn mú lọ́wọ́. Èmi lọ sí Oda tó wà nítòsí, mo lọ mú ẹ̀gbọ́n ìyá ọkọ mi. Ìyá Oda ni gbogbo wa ń pè wọ́n. Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́, ọ̀rọ̀ wọn ò pọ̀, ọwọ́ wọn ò dúró sójú kan. Wọ́n mú àwọn ọ̀rẹ́ wọn nínú ẹgbẹ́ ìyá ìjọ dání.

Máníjà wá ń kọ́ wọn ní bí wọ́n ṣe ń ṣe àlejò.

"Ẹ jókòó. Ẹ má dìde fún ẹnikẹ́ni. Ẹ má kí ẹnikẹ́ni. Ẹni tó sanwó yàrá kì í kí èèyàn kiri. Tí wọ́n bá wọlé, ẹ wò wọ́n bí ẹni wo ògiri."

Ìyá Oda ní, "Kí n wo èèyàn bí ògiri? Nínú ulé tí mo wà?" Ulé ni wọ́n ń pe ilé lọ́dọ̀ wọn.

"Màmá, kì í ṣe ilé. Òtẹ́ẹ̀lì ni."

"Ṣé kò ní òrùlé ni?"

Máníjà wò mí bí ẹni pé èmi ni mo bí wọn. Wọ́n gbé oúnjẹ wá láti fi dánra wò. Bí Ìyá Oda ṣe jẹun tán, wọ́n kó abọ́ wọn àti tàwọn tó jókòó tì wọ́n, wọ́n kọjú sí ilé ìdáná.

"Màmá, àlejò kì í fọ abọ́ o."

"Ta ni yóò fọ̀ ọ́?"

"Àwa ni."

"Ṣé àìsàn ń ṣe mí ni?"

Mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀ wọ́n. Mo ní, "Màmá, nítorí Ìbùkún ni. Bí wọ́n bá ti ibí yìí, oko là ń lọ." Wọ́n wo ọmọ náà fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n ní ó dáa, àwọn á jókòó, àwọn á wo ògiri. Wọ́n ṣèlérí fún mi. Ẹ rí i pé wọ́n ṣèlérí fún mi.

Ọ̀sán ni mọ́tò náà wọ ọgbà. Àwọn ọkùnrin mẹ́ta bọ́ sílẹ̀, dẹ́rẹ́bà dúró ti mọ́tò lójú fèrèsé yàrá oúnjẹ. Èyí tó dàgbà jù nínú wọn wọ gíláàsì tó nípọn bí ìdí ìgò. Kúùkù wa ti gbé iyán sílẹ̀ fún àwọn àlejò wa, tíréè wà lọ́wọ́ mi, Ìbùkún wà lẹ́yìn mi, ara rẹ̀ ti ń gbóná díẹ̀ láti àárọ̀. Sísí Bọ́sẹ̀ fi òyìnbó kí wọn káàbọ̀. Wọ́n wọ yàrá oúnjẹ.

Gbogbo èèyàn wo ògiri. Ẹ̀gbọ́n bàbá Sísí Bọ́sẹ̀ gbé ìwé ìròyìn sójú. Ẹ ò gbọ́ nǹkan kan, àfi bí wọ́n ṣe ń gbé iyán mì. Mo ní nínú mi pé, Olúwa, ó ti ń bọ́ sí i...

Bàbá onígíláàsì fa áńkáṣífù yọ, ó nu ojú, ó fọwọ́ ti ara ilẹ̀kùn bí ẹni tó rẹ̀.

Ìyá Oda dìde.

Wọ́n dìde pátápátá, wọ́n fi orúnkún kan kanlẹ̀. "Ẹ káàbọ̀ o. Ẹ kú ìrìn, ẹ kú oòrùn. Ẹ wá síbí, ibí tutù." Wọ́n ti fa àga tiwọn fún un. "Ìyàwó, kí lò ń wò? Bu omi wá fún wọn."

Bí Ìyá Oda ṣe dìde báyìí, ó tán. Gbogbo àwọn yòókù dìde. Ẹ̀gbọ́n bàbá Sísí Bọ́sẹ̀ sọ ìwé ìròyìn nù, ó dọ̀bálẹ̀. Àwọn ìyá ìjọ ń sún àwo, wọ́n ń ní, "Ẹ wá bá wa jẹun, ọwọ́ ò tíì jìnnà." Gbogbo ilé ń kí wọn kú àbọ̀ bí ẹni pé wọ́n ti ìrìn àjò Mẹ́kà dé. Mo wo Máníjà. Ó ti di ojú rẹ̀.

Bàbá náà jókòó. Ó gba omi, ó mu ún tán. Ó ní, "Màmá, ṣé ẹ̀yin lẹ ni òtẹ́ẹ̀lì yìí ni?"

"Rárá o. Àlejò ni mí."

"Àlejò tó ń fún àlejò lómi?"

"Ṣé kí òùngbẹ máa gbẹ yín nítorí pé mo jẹ́ àlejò?"

Ó rẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín, ó bọ́ gíláàsì, ó nu ojú. Ó wẹ ọwọ́, ó jẹ iyán. Àwọn méjèèjì tó tẹ̀ lé e náà jẹ. Nígbà tó jẹun tán, ó kọjú sí Máníjà.

"Ẹ sọ òótọ́ fún mi. Ta ló ń sùn níbí?"

Máníjà ń fa táì. Mi ò mọ ohun tó gbé ọ̀rọ̀ sí mi lẹ́nu, èmi tí ọkàn mi máa ń já tí ológbò bá fò.

Mo ní, "Bàbá, kò sẹ́ni kankan. Ẹbí wa ni gbogbo àwọn wọ̀nyí. Ẹ dákun, ẹ má tì í. Ọmọ ẹ̀yìn mi yìí ní gìrì, ibí ló súnmọ́ ọsibítù. Tí ẹ bá tì í, oko ni mò ń gbé e lọ." Omijé ò jẹ́ kí n sọ ìyókù.

Ó wò mí. Ó wo ọmọ. Ó ní, "Yàrá mélòó ló ṣófo?"

Máníjà fi ohùn kékeré sọ pé, "Gbogbo ẹ̀, sà."

"Omi ńkọ́?"

"Kànga wa kì í gbẹ, sà. Kódà nínú ẹ̀ẹ̀rùn."

Wọ́n yíjú síra wọn, wọ́n ń sọ òyìnbó. Òyìnbó náà yára ju èyí tí mo ti kọ́ lọ. Lẹ́yìn náà ó yí padà sí Ìyá Oda, kì í ṣe Máníjà, ó ní:

"Màmá, yunifásítì là ń bá ṣiṣẹ́. Wọ́n ti ní ká gba àwọn ọmọ wọlé, ṣùgbọ́n a ò tíì kọ́ ibi tí wọ́n máa sùn. Ẹ̀yin ń bẹ̀rù pé ilé yín ṣófo. Àwa, ilé tó ṣófo là ń wá."

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú tíréè lórí itan. Mi ò lè sunkún mọ́, mi ò lè rẹ́rìn-ín. Mo ṣáà jókòó. Mo gbọ́ ohùn Ìyá Oda lórí mi, wọ́n ń bi Máníjà pé, "Ṣé mo lè lọ fọ abọ́ báyìí?"

Àwọn ará Èkó tí a ti ń retí gan-an dé lẹ́yìn náà, wọ́n bá ẹni tó fẹ́ gba gbogbo ilé pa pọ̀, wọ́n sì gbà. Kì í ṣe pé ohun gbogbo rọrùn lọ́jọ́ kan o. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ obìnrin ni wọ́n kó wá, àwọn bàbá wọn ò sì fẹ́ kí wọ́n sùn ní òtẹ́ẹ̀lì. Ọ̀kan dúró lẹ́nu géètì pẹ̀lú àpótí ọmọ rẹ̀ lórí, kò sọ̀ ọ́ kalẹ̀. "Kí ni n óò sọ fún ìyá rẹ̀? Pé òtẹ́ẹ̀lì ni mo fi ọmọ rẹ̀ sí?" Sísí Bọ́sẹ̀ ṣàlàyé títí. Bàbá yẹn ní, "Ìwọ gan-an, wo ètè rẹ tó pupa." Ló bá di pé wọ́n bẹ Ìyá Oda kí wọ́n wá máa jókòó sẹ́nu ọ̀nà nígbà tí àwọn òbí bá ń dé. Ohun tí wọ́n ń ṣe kò ju kí wọ́n bi ọmọ pé, "Ọmọ ìlú ibo ni ọ́? O ti jẹun?" Àwọn àpótí ń bọ́ sílẹ̀ níkọ̀ọ̀kan.

Wọ́n gbé pátákó sínú gbọ̀ngàn ijó, ó di kíláàsì. Pẹpẹ tí ìgò bíà máa ń wà, ìwé ló wà níbẹ̀. Èmi kò fọ aṣọ bẹ́ẹ̀dì mọ́, oníkálukú ń fọ tirẹ̀, wọ́n ní kí n máa tọ́jú kọ́kọ́rọ́ àti ìmọ́tótó ilé. Nírọ̀lẹ́, kíláàsì ẹ̀kọ́ àgbà wa kó wá síbẹ̀, torí iná wà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ á yọjú, wọ́n á ní, "Màmá, lẹ́tà yẹn ti dorí kodò o." Wọ́n á jókòó tì wá. Kò sẹ́ni tó bẹ̀ wọ́n.

Ìlú wá ń mí padà. Ilé tí wọ́n ti tì pa, wọ́n ṣí i, wọ́n fi háyà fún akẹ́kọ̀ọ́. Ilé ọtí di ibi ìtẹ̀wé, ibi tí wọ́n ti ń ta ẹmu di ibi tí wọ́n ti ń ta kálámù. Bàbá Ìbùkún padà láti oko, torí gbogbo onílé ló fẹ́ fi yàrá kún yàrá. Oǹdó, ìlú mi, náà ò gbẹ́yìn. Ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ tí à ń fojú kékeré wò ń tóbi títí tó fi di ohun tó dà lónìí. Ẹ̀yin náà kúkú mọ̀, ibẹ̀ lẹ ti ń na owó mi.

Gìrì tún dé lẹ́ẹ̀kan sí i. Òjò ń rọ̀ lọ́jọ́ yẹn. Mo figbe ta, ilẹ̀kùn ṣí láti yàrá dé yàrá, àwọn ọmọbìnrin wọ̀nyẹn tú jáde. Ọ̀kan gba ọmọ lọ́wọ́ mi, ọ̀kan ṣí agboòrùn lé e lórí, èmi ń sáré lẹ́yìn wọn bí ẹni tó ń lépa olè. Wọ́n dé ọsibítù ṣáájú mi. Nígbà tí mo wọlé, nọ́ọ̀sì ti ń rẹ́rìn-ín sí mi. Láti ìgbà náà kò mú un mọ́. Ìyá yín nìyẹn. Ẹ̀yin nìyẹn.

Lónìí ẹ̀ ń ráhùn pé owó ilé wọ́n ní Àkúrẹ́, pé ariwo orin àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pọ̀, ọ̀kadà ò jẹ́ kí èèyàn rìn. Òótọ́ ni. Èmi náà ń ráhùn. Ṣùgbọ́n tí mo bá jí láàárọ̀ tí mo gbọ́ ariwo yẹn, ara mi máa ń balẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ ayé òde òní, ẹnìkan á wọlé bá yín, ojú yín ò ní kúrò lórí fóònù. Ẹ máa dìde. Mi ò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ó ku ẹyọ kan. Kò tíì pẹ́ púpọ̀, mo lọ ṣe ìkórè ní ṣọ́ọ̀ṣì wa l'Óǹdó. Bàbá arúgbó kan tó fi ọ̀pá tilẹ̀ ń wò mí ṣáá. Ó ní, "Ìyá, ṣé kì í ṣe ẹ̀yin lẹ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú tíréè?" Dẹ́rẹ́bà ọjọ́sí ni. A kíra, a rẹ́rìn-ín, a ka àwọn tó ti kú. Mo ní mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀ pé wọ́n yàn wá láàárín àwọn yòókù, pé wọ́n wá wò wá.

Ó ní, "Wá wò yín bí i ti báwo? A ti rí ilé níbòmíràn. A ti fẹnu kò. Ọjọ́ yẹn gan-an là ń lọ parí ọ̀rọ̀."

"Kí ló wá gbé yín wọ ọgbà wa?"

"Ọ̀gá ò tíì jẹun láti àárọ̀," ó ní. "Oúnjẹ ni wọ́n ní ká yà jẹ."